Bí A Ṣe Ń Dá Nọ́sù Padà Sára Ẹ́ńjìnnì Gasoil

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin mẹkáníìkì àti ọmọ iṣẹ́ yín ni ọ̀rọ̀ tòní kàn jù.

Gbogbo wa la mọ Peugeot 504 tó ń kó èrò àti ẹrù lójú ọ̀nà Kétu sí Pobẹ̀. Ní ọdún 1983 ni wọ́n dáwọ́ ṣíṣe 504 akérò dúró nílẹ̀ Faransé. Èyí tó bá kù lọ́wọ́ wa, ìtọ́jú ló gbé e ró. Bí ó bá ń rú èéfín dúdú, tó ń kan gbà-gbà, tí kò sì lè gun òkè mọ́, nọ́sù ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kọ́kọ́ ń tú. Ohun náà ni ìwé Faransé ń pè ní injecteur.

Kí ni iṣẹ́ rẹ̀? Ẹ́ńjìnnì tí Rudolf Diesel, ará Jámánì, mú ṣiṣẹ́ dáadáa ní 1897 kò ní pílọ́ọ̀gì tó ń ṣáná bíi ti ọkọ̀ ẹlẹ́sáǹsì. Písítìnnì a há afẹ́fẹ́ mọ́ títí yóò fi gbóná janjan. Nọ́sù a fọ́n epo sí i, iná a sì ràn fúnra rẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú táyà ọkọ̀ kékeré kì í ju báà 2 tàbí 3 lọ. Ṣùgbọ́n nọ́sù kì í lanu àfi bí epo bá fi agbára tó ju báà 100 lọ tì í.

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti gasoil fọ ìdí nọ́sù kọ̀ọ̀kan, nítorí erùpẹ̀ pupa wa kò mọ ojúure. Hóró iyanrìn kan lè ha sìlíńdà tàbí kí ó dí nọ́sù tuntun. Ẹ kọ 1, 2, 3, 4 sí bébà kékeré, kí ẹ so ó mọ́ páìpù kọ̀ọ̀kan. (Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tó ń wá sí kíláàsì wa, ẹ rí ohun tí nọ́ńbà ń ṣe!) Ẹ má ṣe tẹ páìpù náà, ẹ fi ọ̀rá mímọ́ bo ẹnu wọn.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù ni wáṣà. Wáṣà bàbà wà nídìí nọ́sù. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, òmíràn tó ń dènà iná tún wà lábẹ́ rẹ̀. Bàbà tí a ti fún mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti pẹlẹbẹ, kò lè dí ihò dáadáa mọ́. Owó tuntun kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ́ńjìnnì. Ẹ wo ojú tí ti àtijọ́ kọ sókè kí ẹ tó yọ ọ́, kí ẹ sì fi tuntun síbẹ̀ bákan náà. Nígbà mìíràn ti àtijọ́ máa ń lẹ̀ mọ́ inú ihò. Bí ẹ bá gbé tuntun lé e lórí, nọ́sù kò ní jókòó.

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ní ẹ̀rọ ìdánwò yẹ nọ́sù wò, ìbáà ṣe tuntun, ìbáà ṣe tòkúnbọ̀. Èyí tó dára a máa fọ́n epo bí ìkuukù. Èyí tó ń kán tó-tó lè jó orí písítìnnì lu. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ẹ má ṣe fi ọwọ́ sí iwájú epo yẹn láé! Ó lè gún awọ ara wọlé bí abẹ́rẹ́. Ojú ọgbẹ́ lè kéré, kí ó má tilẹ̀ dùn yín, síbẹ̀ epo ti ń ba ẹran inú jẹ́. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe kí ẹ fi àgbo sí i kí ẹ máa wò ó. Ẹni tó bá pẹ́ lè pàdánù ìka.

Bí nọ́ọ̀tì méjì bá ló di nọ́sù mú, ẹ dì wọ́n díẹ̀díẹ̀, ọ̀tún, òsì, kí ó má baà wọ́. Agbára tí ìwé ọkọ̀ náà kọ ni kí ẹ lò. Àdìjù lè fa orí ẹ́ńjìnnì ya.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ fa pọ́ńpù kékeré títí afẹ́fẹ́ yóò fi tán nínú fílítà. Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì páìpù lẹ́nu nọ́sù díẹ̀, kí ẹ takété, kí ẹlòmíràn sì ṣí kọ́kọ́rọ́. Bí epo bá ti yọ, ẹ dì í. Ọkọ̀ òde òní tó ní kọ̀ǹpútà yàtọ̀ o: epo tirẹ̀ lè ju báà 1000 lọ, ẹ má ṣe dẹ páìpù rẹ̀.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ẹ da omi ọṣẹ díẹ̀ sí ìdí nọ́sù. Bí ó bá hó, afẹ́fẹ́ ń jáde: ẹ pa á, ẹ tú u, kí ẹ tún wo wáṣà náà.