Isooctane Inú Pẹtiróòlù àti Ewu Rẹ̀ fún Ẹ̀dọ̀fóró

Isooctane jẹ́ ọ̀kan lára àwọn èròjà tó para pọ̀ di epo pẹtiróòlù. Kò ní àwọ̀, ó mọ́ gaara bí omi, òórùn rẹ̀ sì jọ ti pẹtiróòlù. Lára ìgò inú yàrá àyẹ̀wò, orúkọ tí a kọ lè jẹ́ 2,2,4-trimethylpentane.

Kábọ́ọ̀nù 8 àti háídírójìn 18 ló wà nínú mólékù rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ohun mìíràn níbẹ̀. Nínú àwọn epo kan, ńṣe ni kábọ́ọ̀nù tò tẹ̀lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn. Isooctane ní ẹ̀ka ní tirẹ̀: kábọ́ọ̀nù 5 wà lórí okùn, ẹ̀ka méjì yọ lára èkejì, ẹ̀ka kan sì yọ lára ẹ̀kẹrin. Àwọn ẹ̀ka yìí ni kì í jẹ́ kó gbiná ṣáájú àkókò nínú ẹ́ńjìnnì. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fún un ní 100 lórí òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí pẹtiróòlù ṣe dára tó, tí wọ́n sì fún heptane tí kò lẹ́ka ní òdo. Irú epo ẹlẹ́ka bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó rọ́pò òjé, májèlé tó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, tí wọ́n ń pò mọ́ pẹtiróòlù tẹ́lẹ̀.

Ìwọ̀n 99 °C ló ti ń hó, ṣùgbọ́n ó máa ń fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́ tipẹ́ kó tó gbóná débẹ̀. Ohun tó ń fẹ́ lọ yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin. Ilẹ̀ ló ń rọ̀ sí, iná kékeré sì tó láti ràn án. Isooctane kì í po mọ́ omi. Ó fúyẹ́ ju omi, ó sì ń ṣàn ju omi lọ.

Ṣíṣàn yìí gan-an ni ewu rẹ̀ fún ara. Bí ẹni tó ń fi ẹnu fa pẹtiróòlù bá gbé e mì, ìpalára inú ikùn kì í sábà pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìwọ̀nba díẹ̀ bá gba ọ̀nà èémí, kíá ló máa tàn ká inú ẹ̀dọ̀fóró. Á fọ omi yíyọ̀ tí kì í jẹ́ kí àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké lẹ̀ pọ̀ dànù. Ẹ̀dọ̀fóró á wú, ọ́síjìn kò sì ní rí ọ̀nà dé inú ẹ̀jẹ̀. Bákan náà ni kẹrosíìnì tí ọmọdé mu nínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Ẹ má ṣe mú kí aláìsàn bì. Epo pupa, wàrà, omi iyọ̀ àti ìka tí a ń tì bọ ọ̀fun kì í pa oró pẹtiróòlù. Èébì ni wọ́n ń fà, èébì sì ń fún epo náà láyè ẹ̀ẹ̀kejì láti wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ bọ́ aṣọ tó ti rin, ẹ fi ọṣẹ àti omi wẹ ara rẹ̀, ẹ gbé e jókòó jìnnà sí iná, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú ohun tí epo náà wà nínú rẹ̀.

Òṣìṣẹ́ ìlera kò gbọdọ̀ fọ ikùn rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fún un ní èédú. Kó máa ṣọ́ èémí àti ìwọ̀n ọ́síjìn rẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà ó kéré tán, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ dà bí ẹni pé ó yá, nítorí àwòrán àyà tí a tètè yà lè mọ́ kí àìsàn tó fara hàn. Ẹni tó bá ń wúkọ́, tó ń mí gúlegúle tàbí tó ń tòògbé nílò ọ́síjìn àti ìdádúró sí ilé ìwòsàn.