Ìrìbọmi: Ikú, Ìyè àti Olúwa Tuntun

Ìrìbọmi ni ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà wọ inú ìjọ Kristi. Àfi àwọn díẹ̀, bíi Salvation Army àti àwọn Quaker, kò sí ìjọ ńlá tí kì í ṣe é, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé ni wọ́n sì ń kọ́ni pé kí a ṣe é. Jésù fúnra rẹ̀ wọ odò Jọ́dánì kí Jòhánù lè rì í bọmi. Lẹ́yìn àjíǹde rẹ̀ ló pàṣẹ pé kí a máa ṣe é fún gbogbo orílẹ̀-èdè ní orúkọ Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́.

Orí kẹfà ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Róòmù ni àlàyé rẹ̀ ti jinlẹ̀ jù. Àlàyé ibẹ̀ ni pé ẹni tí a rì bọmi ti bá Kristi kú, a ti sin ín, ó sì ti bá a jíǹde. Ìsìnkú ni Pọ́ọ̀lù pè é, kì í ṣe ìwẹ̀ lásán. Òkú kì í ṣiṣẹ́ fún ọ̀gá. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ẹrú fi wọ orí náà: ẹ̀ṣẹ̀ ni olówó ẹrú àtijọ́, ikú ló já ènìyàn gbà lọ́wọ́ rẹ̀, Ọlọ́run ló ni ín báyìí.

Nílẹ̀ Yorùbá, bóyá ni ẹnìkan wà tí ọ̀rọ̀ yìí bá lára mu bíi Samuel Àjàyí Crowther. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó o lọ ní 1822, wọ́n sì gbé e dé Freetown. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rì í bọmi ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá, 1825. Nínú lẹ́tà kan tó kọ ní 1837, ó ṣàlàyé pé ó ti tó bí ọdún mẹ́ta tí òun ti bọ́ lóko ẹrú ènìyàn kí òun tó mọ̀ pé oko ẹrú mìíràn wà tó burú ju ìyẹn lọ, ìyẹn oko ẹrú ẹ̀ṣẹ̀ àti Sátánì. Ọkọ̀ ogun kò lè gba ènìyàn lọ́wọ́ ìyẹn.

Ní 1846, Crowther tún fojú kan Àfálá ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn bí ọdún 25. Ọjọ́ 5 oṣù Kejì, 1848 ni wọ́n rì ìyá náà bọmi pẹ̀lú àwọn díẹ̀ tó kọ́kọ́ gbàgbọ́ nílùú náà. Hannah ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1850, ìwé Róòmù jáde lédè Yorùbá. Crowther, ẹni tó ti ṣe ẹrú rí, ló túmọ̀ rẹ̀.

Agbára ìrìbọmi kò sí nínú omi, kò sì sí lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ìjọ ti jà lórí èyí jù. Àwọn Donatist ti Àríwá Áfíríkà ní ìrìbọmi tí àlùfáà aláìṣòótọ́ bá ṣe kò jámọ́ nǹkan. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo, dá wọn lóhùn pé Kristi gan-an ló ń rì ènìyàn bọmi, ọwọ́ ènìyàn ló kàn ń lò. Ọkàn ẹni tí pásítọ̀ tó rì í bọmi bá ṣubú lẹ́yìn náà lè balẹ̀ nítorí ìdáhùn yìí.

Ti ọmọ ọwọ́ ni ìjọ kò tíì fi ẹnu kò lé lórí. Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì àti Kátólíìkì ń ṣe ìsàmì fún wọn, pé oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run ló máa ń ṣáájú ìgbàgbọ́ ènìyàn. Òbí àti onígbọ̀wọ́ á jẹ́jẹ̀ẹ́ fún ọmọ títí yóò fi lè sọ tẹnu ara rẹ̀. Onítẹ̀bọmi àti Christ Apostolic Church (CAC) ní ẹni tó bá ti lè jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ ni kó wọ inú omi, kí omi sì bò ó mọ́lẹ̀, torí a kì í fi ìwọ̀n erùpẹ̀ díẹ̀ sin òkú. Didache, ìwé ìlànà ìjọ àtijọ́, fẹ́ omi tó ń ṣàn, ṣùgbọ́n ó gbà pé bí omi kò bá tó, kí a dà á sórí lẹ́ẹ̀mẹta.

Nílẹ̀ Yorùbá, orí aláya púpọ̀ ni ìtumọ̀ ìrìbọmi ti le jù. Ìlànà Church Missionary Society (CMS), tí Henry Venn akọ̀wé rẹ̀ fi lélẹ̀, ni pé kí a má rì ọkùnrin tó ní ju aya kan lọ bọmi, ṣùgbọ́n a lè rì àwọn aya rẹ̀. Àpérò Lambeth ti àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà fọwọ́ sí i ní 1888. Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tó bí United Native African Church ní 1891 àti African Church ní 1901. Ìlànà náà ní ìṣòro tirẹ̀: bí ìrìbọmi bá jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìyè tuntun, ó ṣòro láti fi ìyè tó ti tò létòlétò ṣe owó ìwọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bẹ̀rù pé ìjọ yóò di yẹpẹrẹ náà ní ohun tó ń sọ. Ọdún 1988 ni Lambeth tó gbà pé a lè rì irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ bọmi tòun ti àwọn aya àti ọmọ rẹ̀, bó bá ṣèlérí pé òun kò ní fẹ́ òmíràn mọ́.

Ti orúkọ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ibi tí Bíbélì ti ní orúkọ òyìnbó ni a gbọ́dọ̀ jẹ́. Oníwàásù onítẹ̀bọmi tí wọ́n ń pè ní David Brown Vincent sọ ara rẹ̀ di Mojọlà Agbébí ní 1894, kò sì tún wọ inú omi nítorí rẹ̀.

Ní Minna, tí ọkọ̀ ojú irin mú ọ̀pọ̀ Yorùbá dé, àwọn onígbàgbọ́ àdúgbò bíi Fadikpe ń gbé pẹ̀lú àwọn Gbagyi àti Nupe, ìgbéyàwó sì ń so ìjọ kan pọ̀ mọ́ òmíràn. Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé e ni bóyá kí a tún ìrìbọmi ṣe. Kátólíìkì kì í tún un ṣe fún ọmọ Áńgílíkà, bí wọ́n bá ti lo omi àti orúkọ Mẹ́talọ́kan. Onítẹ̀bọmi máa ń ṣe é fún ẹni tí wọ́n ṣe ìsàmì fún lọ́mọdé, ṣùgbọ́n lójú tiwọn kì í ṣe àtúnṣe: èyí ni àkọ́kọ́.