Irun Dàda: Èyí Tí A Bí Mọ́ni àti Èyí Tí A Fọwọ́ Ṣe

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ní ìjókòó yìí kò ju ọ̀rọ̀ irun orí lọ, ṣùgbọ́n irun yìí ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín òbí àti olùkọ́, ó sì ti dá a sílẹ̀ láàárín ìyá ọmọ àti ìyá ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ènìyàn bá rìn láti Èjìgbò dé Màsífà tàbí títí dé Ifẹ̀-Ọ̀dàn, yóò rí ọmọdé tí irun orí rẹ̀ ta kókó láti ìgbà tí ó ti wà lọ́mọ ọwọ́. Yóò rí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ti Abidjan dé fún ọdún Kérésìmesì, tí òun náà lọ́ irun tirẹ̀ dé èjìká. Bí ó bá sì yà sí ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí ó wà ní Èjìgbò, kò níí ṣàì rí akẹ́kọ̀ọ́ kan tàbí méjì tí wọ́n ṣe bákan náà. Dàda ni a ń pe gbogbo wọn lónìí. Níbi tí orúkọ ti pa wọ́n pọ̀ yìí gan-an ni àṣìṣe ti ń wọlé.

Orúkọ àmútọ̀runwá ni Dàda. Samuel Johnson kà á mọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Ọmọ tí ó mú ẹsẹ̀ wáyé ni Ìgè. Èyí tí ó gbé ìwọ́ kọ́ ọrùn ni Òjó tàbí Àìná. Èyí tí irun rẹ̀ wá ní kókó-kókó ni Dàda. Bàbá kì í jókòó ro irú orúkọ yìí, ọmọ ni ó mú un wá. Ẹ jẹ́ kí á fetí sí ìṣe èdè níhìn-ín, nítorí ó wúlò ju bí a ti rò lọ. A máa ń sọ pé ọmọ kan jẹ́ Dàda. Ní ti ọ̀dọ́ òde òní, a máa ń sọ pé ó ṣe dàda. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì yìí ti ya ohun méjì sọ́tọ̀: èkíní jẹ́ ti ìbí, èkejì jẹ́ ti ìfẹ́-inú. Ẹni tí ó bá di ìyàtọ̀ yìí mú kò níí ṣi ọ̀rọ̀ yòókù gbọ́.

Ìtàn Ọ̀yọ́ sọ pé Àjàká, ẹni tí a tún ń pè ní Dàda, jọba ṣáájú Ṣàngó àbúrò rẹ̀. Ènìyàn pẹ̀lẹ́ ni. Wọ́n yọ ọ́ lóyè nítorí ìwà pẹ̀lẹ́ yìí, Ṣàngó sì jọba. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n tún pe Àjàká padà sórí oyè. Àwọn méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣe ìtumọ̀ òwe tí ó ní Dàda kò lè jà, ṣùgbọ́n ó ní àbúrò tí ó gbójú. Orúkọ náà dé Brazil pẹ̀lú àwọn baba wa tí a kó lẹ́rú. Wọ́n ṣì ń pe Dàda mọ́ agbo Ṣàngó níbẹ̀.

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní agbègbè wa, ọmọ tí ó jẹ́ Dàda kì í rí òòyà. Wọn a máa so owó ẹyọ mọ́ irun rẹ̀, ẹni tí ó bá sì fọwọ́ kàn án yóò fún un lówó. Ẹ̀wà, àkàrà àti ìrèkè ni wọ́n fi ń ṣe sàárà rẹ̀ fún àwọn ọmọdé ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gẹ irun náà, wọn a ṣe irú sàárà yìí kan náà, wọn a sì kó irun tí wọ́n gẹ̀ sínú ìkòkò omi, kí wọ́n lè máa bù ú wẹ orí ọmọ náà bí ara rẹ̀ kò bá yá. Mo mọ̀ pé onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí púpọ̀ ti fi èyí sílẹ̀. Síbẹ̀, àwọn náà kì í fẹ́ kí àlejò ṣàdédé fi abẹ kan orí ọmọ wọn.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo irun náà fúnra rẹ̀. Ihò tí irun wa ti ń hù jáde tẹ̀, kò nàró; fọ́nrán irun náà sì pẹlẹbẹ díẹ̀, kò rí roboto. Ìdí nìyí tí ó fi ń ká bí ó ti ń gùn. Fọ́nrán irun tí ó tó àádọ́ta sí ọgọ́rùn-ún ni ó ń bọ́ lórí ènìyàn lójoojúmọ́. Òòyà ni ó ń kó èyí tí ó bọ́ kúrò. Bí òòyà kò bá dé ibẹ̀, èyí tí ó bọ́ yóò wé mọ́ èyí tí ó wà nílẹ̀, wọn yóò sì lọ́ pọ̀ di kókó. Irun ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù, nítorí náà ẹni tí ó fẹ́ ṣe dàda yóò ní sùúrù. Bí ó bá pín irun kéékèèké tí ó sì ń fi ìka lọ́ ọ, kókó lè bẹ̀rẹ̀ sí í mú láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Kí ó tó le dáadáa, ó lè tó ọdún kan àbọ̀.

Ibi tí ó ń dùn mí jù nìyí: ọ̀pọ̀ ìyá ni ó rò pé "ẹ má ṣe yà á" túmọ̀ sí "ẹ má ṣe fọ̀ ọ́". Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Irun tí ó lọ́ pọ̀ ń fẹ́ omi bí irun yòókù. Kí a fi ọṣẹ dúdú tí a ti pò mọ́ omi fọ awọ orí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tàbí lọ́sẹ̀ méjì, kí a fi ìka ra á, kí a sì ṣan án títí ọṣẹ yóò fi tán níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni gbígbẹ, èyí tí àwọn ènìyàn kì í kà sí. Inú kókó irun ni omi ń sá pamọ́ sí. Bí a bá wé gèlè tàbí dé fìlà lé e ní tútù, yóò bu, yóò sì máa rùn. Àárọ̀ tí oòrùn wà ni ó dára kí a fọ̀ ọ́. Àdín tàbí òrí díẹ̀ tó fún awọ orí, pàápàá nígbà ọyẹ́. Bí ó bá pọ̀ jù, eruku ni yóò máa gbà sára. Ẹni tí ó ń lọ́ irun rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ kí ó lè máa dán ń ṣe ara rẹ̀ níbi: fífà yẹn a máa mú kí irun iwájú orí re, nígbà mìíràn kì í sì í hù mọ́.

Bí làpálàpá bá mú orí ọmọ Dàda, tí irun ń já níbìkan, tí awọ ibẹ̀ ń bó, tí kókó sì so sí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ. Ìpara nìkan kò lè dé gbòǹgbò irun. Oògùn jíjẹ ni dókítà yóò fún un, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bákan náà ni ibà. Kí a má ṣe jókòó ti ìkòkò omi kí a máa sọ pé orí rẹ̀ ni ó ń jà. Ẹni tí ó bá fẹ́ wẹ ọmọ rẹ̀ kí ó wẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì.

Ní ti àwọn tí ó ṣe dàda, ọ̀nà mìíràn ni tiwọn gbà wá. Ẹ̀sìn Rasta bẹ̀rẹ̀ ní Jàmáíkà ní àwọn ọdún 1930, lẹ́yìn tí wọ́n fi Haile Selassie jọba ní Etiópíà ní 1930. Orin Bob Marley, ẹni tí ó kú ní 1981, ni ó gbé irun wọn ká ayé. Ní Abidjan, níbi tí àwọn ará Èjìgbò ti ń ṣòwò láti ìran dé ìran, Alpha Blondy gba orin náà, ó sì gbajúmọ̀ ní àwọn ọdún 1980. Nítorí náà, ọmọ wa tí ó ti ibẹ̀ dé pẹ̀lú irun yìí lè má mọ nǹkan kan nípa Àjàká. Kò sì yẹ kí a torí ìyẹn pè é ní ọmọ ìta. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń fọ orí wọn dáadáa ju àwa tí a ń gẹ̀ ẹ́ lọ.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti ń le. Ní Gánà ní ọdún 2021, Achimota School kọ̀ láti gba ọmọkùnrin ẹlẹ́sìn Rasta méjì nítorí irun wọn. Ní 31 oṣù karùn-ún ọdún náà, ilé ẹjọ́ gíga ní Accra pàṣẹ pé kí wọ́n gbà wọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàkíyèsí pé ti ẹ̀sìn ni ẹjọ́ yẹn. Ti ọmọ tí ó jẹ́ Dàda tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kò yan ohunkóhun. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní abala 42, ìpín kejì, sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fi ìyà jẹ ọmọ ilẹ̀ yìí tàbí kí a fi ẹ̀tọ́ dù ú kìkì nítorí bí ìbí rẹ̀ ṣe rí. Ọ̀rọ̀ ọmọ tí a bí láìsí ìgbéyàwó ni a sábà máa ń fi abala yìí jà, ṣùgbọ́n lójú tèmi, bí irun ọmọ Dàda ṣe rí wà lára bí ìbí rẹ̀ ṣe rí.

Òótọ́ ni pé ilé-ẹ̀kọ́ ní òfin nípa irun, ó sì yẹ kí ó ní i. Olùkọ́ tí ó bá rí irú irun yìí lórí ọmọ tuntun ní kíláàsì rẹ̀, kí ó ránṣẹ́ pe òbí rẹ̀, kí ó béèrè bóyá wọ́n bí i mọ́ ọn ni. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọmọ náà, kí olùkọ́ tí yóò gbà á ní ọdún tí ń bọ̀ má baà tún un béèrè níwájú àwọn ọmọ yòókù. Bí òbí bá sì gbà láti gẹ̀ ẹ́, kí wọ́n fún wọn ní àkókò títí di ìgbà ìsinmi, kí wọ́n lè ṣe é nílé bí ó ti tọ́ lójú wọn, lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ tí wọ́n mọ̀, kì í ṣe pẹ̀lú àlùmọ́gàjí ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́.