Ìgbéra Nìkan Kọ́ Ni Eré: Àfiwé Ọkọ̀ Oníná Méjì

Inú yàrá wa ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjì ń jiyàn lórí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ń lo iná mọ̀nàmọ́ná dípò epo. Ọ̀kan ní Tesla Model S Plaid tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ni baba gbogbo wọn. Èkejì ní irọ́ ni, ó ní Porsche Taycan Turbo S ti ilẹ̀ Jámánì ni. Nígbà tí iyàn náà gbóná, wọ́n yí i sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi jà á. Èmi kò gbà fún wọn. Àní, mo rò pé bí wọ́n bá ti fi Yorùbá jà á ni, wọn ì bá ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dàrú mọ́ wọn lójú.

Nínú èdè wa, kí ènìyàn yára yàtọ̀ sí kí ó lè sáré. Ẹni tí ó yára dìde lè má lè sáré dé òpin àdúgbò. Àwọn awakọ̀ wa mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa, nítorí wọn a máa yin ọkọ̀ kan pé ó mọ gbéra, wọn a sì máa yin òmíràn pé kì í rẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà. Nítorí náà, ìgbéra ni n ó máa pe bí ọkọ̀ ṣe ń ti ìdúró bọ́ sínú eré. Ìforítì ni n ó máa pe agbára láti máa sá eré náà lọ láìrẹ̀wẹ̀sì.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ìdí tí ọkọ̀ oníná fi mọ gbéra. Ẹ̀ńjìnnì elépo gbọ́dọ̀ yí dé ìwọ̀n kan kí ipá rẹ̀ tó pé, a ó sì tún máa pa jíà dà. Ti ẹ̀rọ tí iná ń yí kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí ni ipá rẹ̀ ti pé. Ohun tí ó kù ni kí táyà di ilẹ̀ mú.

Ní ọdún 2021 ni Plaid jáde. Ẹ̀rọ mẹ́ta ni ó ń tì í, ọ̀kan níwájú, méjì lẹ́yìn, agbára wọn sì jẹ́ ti ẹṣin 1,020. Ọkọ̀ yìí wúwo ju tọ́ọ̀nù méjì lọ, síbẹ̀ àwọn tí ó ṣe é sọ pé ìṣẹ́jú àáyá 1.99 ni yóò fi ti ìdúró dé eré máìlì 60 láàárín wákàtí kan, èyí tí í ṣe kìlómítà 97. Kí ẹ lè mọ bí èyí ti tó: òkúta tí ó bọ́ láti orí òkè gíga yóò lo nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 2.7 kí ó tó dé eré kan náà. Kí ọkọ̀ náà tó lè dá irú àrà bẹ́ẹ̀, awakọ̀ ní láti fún un láyè kí ó múra: bátìrì yóò wá sí ìwọ̀n ooru tí ó yẹ, ọkọ̀ yóò sì tẹ iwájú ba bí ẹranko tí ó fẹ́ fò mọ́ ẹran.

Ṣùgbọ́n ibi tí àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ṣìnà nìyí. Wọ́n gbé 1.99 ti Tesla síwájú, wọ́n gbé 2.8 tí Porsche kọ fún Taycan Turbo S ti ọdún 2019 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n ń yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Òṣùwọ̀n kan náà kọ́ ni! Kìlómítà 100 ni ti Porsche, 97 ni ti Tesla. Èyí tí ó tún wá burú jù ni pé nínú 1.99 yẹn, wọn kò ka ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan tí ọkọ̀ kọ́kọ́ rìn. Ẹsẹ̀ bàtà kan kéré lójú, ṣùgbọ́n ó ń gbà tó ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá, ọkọ̀ sì ti ń sáré kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò. Bí ó ti wù kí ó rí, bí a bá dá gbogbo rẹ̀ padà sí ipò, Tesla náà ni ó ṣì borí nínú ìgbéra. Ẹ má jẹ́ kí a jiyàn èyí.

Ìforítì ni ọ̀ràn Porsche. (Kò sí turbo kankan nínú Turbo S o, orúkọ lásán ni.) Ẹ̀rọ méjì péré ni ó ní, ṣùgbọ́n èyí tí ó wà lẹ́yìn ní jíà méjì: èkínní fún ìgbéra, èkejì fún eré gidi. Fóólítì 800 ni iná rẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníná ìgbà náà ń lo nǹkan bí 400. Bí fóólítì bá pọ̀, iná tí ń ṣàn nínú wáyà fún agbára kan náà yóò dín kù, ooru yóò sì dín kù. Ooru ni ọ̀tá ọkọ̀ oníná. Bí bátìrì bá gbóná jù, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò fa agbára sẹ́yìn kí ó má bàa bàjẹ́. Ní ọdún 2019, kí Taycan tó dé ọjà, wọ́n gbé ọ̀kan lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú kan ní Lahr. Ìgbà 26 ni wọ́n sá a láti ìdúró dé kìlómítà 200, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín èyí tí ó yá jù àti èyí tí ó pẹ́ jù kò ju ìṣẹ́jú àáyá 0.8 lọ. Lójú tèmi, 26 yìí wúlò fún wa ju 1.99 lọ.

Àwọn méjèèjì tún pàdé ní Nürburgring ní Jámánì, ojú ọ̀nà onígun-kọrọ tí ó gùn tó kìlómítà 20.8. Ní 2021, Plaid yí i po ní ìṣẹ́jú 7 àti àáyá 35.6. Ní 2022, Taycan Turbo S fi nǹkan bí àáyá méjì yọ ọ́ sílẹ̀. Ní 2023, Tesla padà wá pẹ̀lú bíréèkì àti táyà tí ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ṣe é ní ìṣẹ́jú 7 àti àáyá 25.2. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, Porsche kéde pé Taycan tuntun kan ti ṣe é ní ìṣẹ́jú 7 àti àáyá 7.5. Turbo GT ni wọ́n padà wá sọ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi tí ó wà lẹ́yìn Porsche fò sókè nígbà tí mo sọ fún un. N kò tíì sọ fún un pé wọ́n yọ ìjókòó ẹ̀yìn kúrò nínú èyí tí ó sá eré yẹn kí ó lè fúyẹ́, àti pé ẹni tí ó bá ra irú rẹ̀ kò lè fi gbé ọmọ mẹ́ta lọ sí ilé ìwé.