Ọkọ̀ ojú irin tó ń gun òkè, tó ń dorí kodò: kí ìdílé mọ èyí kí wọ́n tó wọ̀ ọ́

Tí ìsinmi gígùn bá ti dé, àwọn ará wa tó ń gbé ní Faransé máa ń kó ọmọ wọn lọ síbi ìṣeré ńlá. Ìyá tàbí bàbá tó kúrò ní Kétu, ní Ṣábẹ tàbí ní Àjàṣẹ́ lọ kí ọmọ àti ọmọ-ọmọ, wọn ò ní fi í sílẹ̀ nílé. Ibẹ̀ ló ti máa rí irin gígùn tó lọ́ bí ejò lójú òfuurufú, tí ọkọ̀ ń sáré lórí rẹ̀, tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń ké bí ẹni tí wọ́n ń lé. Kó tó mọ̀, ọmọ-ọmọ ti fà á lọ́wọ́ pé kí àwọn jọ lọ wọ̀ ọ́.

Nítorí náà la ṣe fẹ́ ṣàlàyé ohun tí ẹ̀rọ yìí jẹ́, bó ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ẹni tí kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́.

Ibi tó ti wá

Orúkọ tí àwọn Faransé ń pè é túmọ̀ sí òkè àwọn ará Rọ́ṣíà. Ní Rọ́ṣíà, nígbà òtútù, wọ́n máa ń fi igi kan òkè gíga, wọ́n á da omi sí i lórí, omi náà á dì gbagidi, àwọn èèyàn á sì máa yọ̀ wá sílẹ̀ lórí rẹ̀. Ní 1817 wọ́n ṣe irú rẹ̀ ní Paris, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ tó ń yí sí abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ní 1884, LaMarcus Thompson, ará Amẹ́ríkà, ṣí tirẹ̀ ní Coney Island, ní New York. Sẹ́ńtì 5 ni owó wíwọ̀ rẹ̀, eré rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi kìlómítà 10 ní wákàtí kan.

Ti òde òní kúrò ní bẹ́ẹ̀. Ní Parc Astérix, ní àríwá Paris, wọ́n ṣí ọ̀kan ní 2023 tí wọ́n ń pè ní Toutatis. Gíga rẹ̀ tó mítà 51, eré rẹ̀ sì ń dé kìlómítà 110 ní wákàtí kan. Eré tasí tó ń sáré burúkú nìyẹn, ṣùgbọ́n lórí irin tó ń lọ́, tó ń dorí kodò.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ọ̀pọ̀ rò pé ẹ́ńjìnì wà nínú ọkọ̀ náà. Kò sí. Nínú èyí tó pọ̀ jù, ṣéènì ló ń fà á gun òkè àkọ́kọ́. Tó bá ti dé ṣóńṣó, ṣéènì á fi í sílẹ̀, ìwúwo ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló sì máa gbé e lọ títí dé òpin. Ìdí nìyẹn tí òkè àkọ́kọ́ fi máa ń ga jù, nítorí afẹ́fẹ́ àti irin ń jẹ lára agbára rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ti Toutatis yàtọ̀: agbára mágnẹ́ẹ̀tì ló ń tì í sáré.

Kí ló dé tí èèyàn kì í já bọ́ nígbà tó bá dorí kodò? Ẹ wo ọmọ tó gbé korobá omi, tó ń fì í yípo. Tó bá fì í kíákíá, omi ò ní dà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni eré ṣe ń tẹ èèyàn mọ́ ìjókòó. Irin ìdènà tún wà tó di àyà tàbí itan mú. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà sì wà lókè irin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin àti lábẹ́ irin, kí ọkọ̀ má baà fò kúrò.

Àṣìṣe ọmọ èèyàn

Ẹ̀rọ yìí kì í sábà pa èèyàn lára, ṣùgbọ́n àṣìṣe ọmọ èèyàn lè bà á jẹ́. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà, 2015, ní Alton Towers ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ òfìfo kan dúró lójú irin ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Smiler. Kọ̀ǹpútà dá ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn dúró. Àwọn òṣìṣẹ́ kò mọ̀ pé ọkọ̀ wà níwájú, wọ́n rò pé kọ̀ǹpútà ló ṣì í, wọ́n bá fọwọ́ ara wọn tú u sílẹ̀. Èèyàn 16 ló wà nínú rẹ̀ nígbà tó lọ kọlu ti iwájú. Ọ̀dọ́bìnrin méjì pàdánù ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní 2016, ilé ẹjọ́ ní kí ilé-iṣẹ́ tó ni ibẹ̀ san mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn.

Ẹni tí kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́

Aláboyún, ẹni tó ní àìsàn ọkàn, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ẹni tí ẹ̀yìn tàbí ọrùn ń dùn, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún: kí wọ́n jókòó sísàlẹ̀. Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ má tìtorí ìtìjú wọ̀ ọ́. Tí ẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín láìfi bò. Ọ̀pọ̀ òbí ló ń fi àìsàn pamọ́ kí ọmọ má baà dààmú, ibi tí irú èyí ti lè di ewu nìyẹn.

Ti ọmọdé, ìwọ̀n gíga ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ọjọ́ orí. Ní Disneyland Paris, ọmọ tí kò tó mítà 1 àti sẹ̀ǹtímítà 2 kò lè wọ Big Thunder Mountain. Ti Hyperspace Mountain jẹ́ mítà 1 àti sẹ̀ǹtímítà 20. Ẹ má fi bàtà gíga tan òṣìṣẹ́ jẹ. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: irin ìdènà tí kò bá ọmọ mu, ọmọ lè yọ́ bọ́ lábẹ́ rẹ̀. Èyí tó bá sì ń sunkún pé òun ò lọ, kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Ti ọmọ ọwọ́ náà lójútùú ní Disneyland. Bàbá á tò, á wọ̀ ọ́, ìyá á gbé ọmọ dání. Tí bàbá bá sọ̀ kalẹ̀, ìyá á wọlé láì tún tò. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún òṣìṣẹ́ ẹnu ọ̀nà.

Nílé níbí ńkọ́?

Bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ ìṣeré kékeré wá sí ìlú wa nígbà ọdún, ojú kan náà la gbọ́dọ̀ fi wò ó. Ṣé bẹ́líìtì rẹ̀ ṣì le? Ṣé irin rẹ̀ ò tíì dípẹtà? Ṣé ẹni tó ń darí rẹ̀ ń yẹ ìdè ọmọ kọ̀ọ̀kan wò kó tó tan ẹ̀rọ? Tí ìdáhùn ọ̀kan bá jẹ́ rárá, ẹ mú ọmọ yín lọ́wọ́, kí ẹ máa lọ. Owó tíkẹ́ẹ̀tì tó bá lọ, a lè rí i padà lọ́jà. Ẹ̀mí kò ní ààrọ̀.