Pikọ́ọ̀pù Ford F-100 Eluminator
Ara ọkọ̀: 1978. Ẹ̀rọ: 2021. Amẹ́ríkà.

Ẹ má wá ẹ́ńjìnnì tó ń mu epo bẹntiróòlù lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì yìí. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ́ńjìnnì oníná méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ló ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pẹ̀lú agbára ẹṣin 480. Ara Mustang Mach-E, ọkọ̀ oníná Ford mìíràn, ni wọ́n ti mú wọn. Ṣùgbọ́n ara àtijọ́ yẹn, tó rẹwà gidigidi, ni wọ́n dá sí, ohun tó sì yẹ ní ṣíṣe nìyẹn.

Ford fi ọkọ̀ náà han aráyé ní Las Vegas ní oṣù Kọkànlá 2021. Ní ọdún yẹn, Ford ń ta irú ẹ́ńjìnnì náà lọ́tọ̀, dọ́là 3,900 lẹ́yọ kan, fún ẹni tó fẹ́ sọ ọkọ̀ tirẹ̀ di oníná. Bátìrì àti inverter, ẹ̀rọ tó ń yí iná bátìrì padà fún ẹ́ńjìnnì, kò sí nínú owó yẹn. Orí bátìrì gan-an sì ni ìnáwó ńlá wà.