ẸGBẸ́ ÒṢÈLÚ A.D.: TA NI Ó NI Í?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Òwe yìí bá ìtàn ẹgbẹ́ òṣèlú Alliance for Democracy, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí A.D., mu gan-an.

Ní 1998, lẹ́yìn ikú Ọ̀gágun Sani Abacha, ni a dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Àwọn aṣáájú Afẹ́nifẹ́re, tí Olóyè Abraham Adésànyà jẹ́ olórí wọn, ni òpómúléró rẹ̀. Ẹgbẹ́ gbogbo Nàìjíríà ni lójú òfin, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Yorùbá ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Nínú ìbò gómìnà ti 1999, ìpínlẹ̀ 6 nínú 36 ni ó gbà: Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Òǹdó àti Èkìtì.

Nígbà tí ó kan ipò Ààrẹ, àwọn àgbà 23 ni wọ́n jókòó ní Ìbàdàn, tí wọ́n mú Olóyè Olú Fálaè, tí wọ́n fi Olóyè Bọ́lá Ìgè sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ògiri ti lanu. Fálaè borí nílẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n Olóyè Ọbásanjọ́ ti ẹgbẹ́ P.D.P. ni ó wọlé.

Ní 2003, A.D. kò fa ẹnikẹ́ni kalẹ̀ fún ipò Ààrẹ. Ọbásanjọ́ ni wọ́n gbè lẹ́yìn. Ní 19 Oṣù Kẹrin, ọjọ́ kan náà ni a dìbò Ààrẹ àti ti gómìnà. P.D.P. gba ìpínlẹ̀ 5 lọ́wọ́ A.D.; Èkó nìkan ni ó ṣẹ́kù. A.D. pariwo pé èrú ni, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Nígbà tí ó yá, ẹgbẹ́ ní alága méjì, Olóyè Bísí Àkàńdé àti Sẹ́nétọ̀ Mojísólúwa Akínfẹ́nwá. Ní 2006, ìhà Àkàńdé lọ dá Action Congress sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn mìíràn. Ní 2020, àjọ elétò ìdìbò yọ orúkọ A.D. kúrò nínú ìwé.

Kí ni èyí kọ́ àwa ará Òkè-Ògùn? Ìjọba ìbílẹ̀ 10 nínú 33 tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ jẹ́ tiwa, síbẹ̀ láti 1976 tí a ti dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀, a kò tíì dìbò yan ọmọ Òkè-Ògùn kan sípò gómìnà. Aláṣọ òfì Ìsẹ́yìn àti àgbẹ̀ Ṣakí ń dìbò, ṣùgbọ́n ẹni mélòó ni ó ń bi wọ́n léèrè kí a tó fa olùdíje kalẹ̀? Ẹgbẹ́ tí ó bá ń fi orúkọ ìran kan jẹun gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn ìran náà, títí dé ẹ̀yìn odi. Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí olóṣèlú kan bá ní “àwa Yorùbá”, ẹ bi í pé àwọn wo ni ó fi ọ̀rọ̀ lọ̀.